Ọ̀sẹ̀ Tí Mo Fi Wá Félicité Kiri Abidjan

Ọjọ́ Ẹtì kan ò ní tán lọ́kàn mi, ọjọ́ tí mo fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ sórí kọnkéré nínú ọgbà ilé ìwádìí kan ní Cocody, níwájú dókítà, níwájú àwọn nọ́ọ̀sì, àti níwájú ọkùnrin tó ń ṣọ́ gééètì, ẹni tí kò jẹ́ kí n gbàgbé rẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ẹni tí mo kúnlẹ̀ fún, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ náà, torí ọjọ́ Ajé ni ẹnu mi ti kó bá mi.

Oṣù kan péré ni mo tíì lò lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà. Wọ́n ń wá abẹ́rẹ́ àjẹsára tí yóò ká àwọn kòkòrò àrùn tó máa ń yí ara wọn padà kíákíá, irú èyí tó fa kòrónà. Èmi kì í ṣe dókítà o. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa pe àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn fún ìwádìí náà, kí n rán wọn létí ọjọ́ tí wọn yóò wá, kí n sì wá ẹni tí kò bá yọjú lọ sí àdúgbò rẹ̀. Wọ́n fún mi ní aṣọ búlúù kan, mo sì ń wọ̀ ọ́ bí ẹni pé èmi gan-an ni mo dá àjẹsára sílẹ̀. Koumassi Remblais là ń gbé, èmi, ọkọ mi, àwọn ọmọ wa méjì àti ìyá ọkọ mi, nínú àgbàlá kan náà. Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì gbàkà ní ìrọ̀lẹ́, ńṣe ni mo máa ń rọra rìn kí gbogbo Remblais lè rí aṣọ náà dáadáa.

Ọ̀gá wa ni Dókítà Amenan, obìnrin Baoulé tín-ín-rín kan tí mi ò gbọ́ kó gbóhùn sókè rí. Lọ́jọ́ tí mo dé, ó jókòó tì mí fún odidi wákàtí kan, ó ń ṣàlàyé iṣẹ́ wọn fún mi bí ẹni tí kò ní nǹkan mìíràn láti ṣe. Ó ní kòkòrò àrùn yìí dà bí olè tó ń pààrọ̀ ẹ̀wù. Bí ara wa bá ti dá a mọ̀ nínú ẹ̀wù pupa, á tún gbé dúdú wọ̀, àwọn tó ń ṣọ́ wa nínú ẹ̀jẹ̀ á sì jẹ́ kó kọjá. Ìdí nìyẹn tí abẹ́rẹ́ èṣí fi lè má tó fún ti ọdún yìí. Ṣùgbọ́n olè tó pààrọ̀ ẹ̀wù kò lè pààrọ̀ ìrìn rẹ̀. Ó ní àwọn ènìyàn díẹ̀ wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn kì í wo ẹ̀wù rárá, ìrìn ló ń wò, bí kòkòrò náà sì múra bí ọba, ẹ̀jẹ̀ wọn á mú un. Irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wá, kí wọ́n lè mọ bí wọn yóò ṣe ṣe abẹ́rẹ́ tí yóò kọ́ ẹ̀jẹ̀ gbogbo wa ní ọgbọ́n kan náà. Bí ìdánwò kan bá kùnà, wọ́n á tún un ṣe. Bí ó bá tún kùnà, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Èmi tí mo máa ń bínú bí ìrẹsì bá jóná lẹ́ẹ̀kan! Mo fẹ́ràn obìnrin náà láti ọjọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ Ajé tí mò ń wí, ó pè mí, ó fún mi ní ìwé pélébé kan. Orúkọ kan wà lórí rẹ̀, Adjibadé Félicité, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù kan àti àdírẹ́sì bí wọ́n ṣe ń júwe ilé ní Abidjan: Koumassi Remblais, ẹ̀yìn ilé oògùn, kí a béèrè. Ó ní obìnrin àgbàlagbà ni, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì wà lára àwọn tó ń wo ìrìn. Wọ́n ti gún un ní abẹ́rẹ́ tuntun, ó yẹ kó ti padà wá láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n lè rí ohun tí abẹ́rẹ́ náà fi kún un. Kò wá. Ọjọ́ Ẹtì yẹn ló kẹ́yìn. Bí ó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà kò ní ṣe é fi wé ti tẹ́lẹ̀ mọ́, gbogbo èyí tó ti fún wọn láti ọdún tó kọjá á sì di ìtàn tí kò ní ìparí.

“Remblais?” ni mo wí. “Ilé mi nìyẹn, Dókítà. Ẹ kà á sí pé mo ti rí i.”

Mi ò mọ ẹni tó rán ẹnu mi níṣẹ́. Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wá rán mi létí ohun méjì tí mo fọwọ́ sí nínú ìwé nígbà tí mo gbaṣẹ́. Èkíní, mi ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ọkọ mi, pé ẹni báyìí-báyìí wà nínú ìwádìí náà. Èkejì, bí mo bá rí obìnrin náà tó ní òun ò ṣe mọ́, kí n kí i, kí n máa bọ̀. A kì í fipá gba ẹ̀jẹ̀.

Fóònù náà kò lọ. Ilé tó wà lẹ́yìn ilé oògùn, àgádágodo ló wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Àwọn ará ilé kejì ní ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ti lọ sìnkú ní Pobè láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àti pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ Félicité níbẹ̀ rí. Bí ọjọ́ Ajé ṣe lọ nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹnì kan ní òun mọ Félicité kan, ó ń ṣe irun fún àwọn obìnrin nítòsí ibi tí gbàkà ń yà. Mo rò pé bóyá òun tàbí ìyá rẹ̀ ni. Mo bá a níbi tó ti ń fọ aró dúdú kúrò lórí oníbàárà kan, abọ́ ńlá wà níwájú rẹ̀. Mo kí i, mo ní mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ bá a sọ. Ó ní kí n sọ ọ́. Ẹ rántí pé mo ti fọwọ́ síwèé. Mo wá rẹ ohùn sílẹ̀, mo ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe èyí tí a ń sọ láàárín èrò, àárín èmi àtòun ni. Mi ò mọ̀ pé láti bí oṣù mélòó kan ni obìnrin yìí ti ń gbọ́ pé ọkọ òun ní obìnrin kan ní Riviera, ó sì ti ń retí ọjọ́ tí onítọ̀hún máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá.

“Ìwọ gan-an nìyẹn, àbí?” ni ó wí.

Kí n tó lanu, gbogbo omi inú abọ́ náà ti wà lára mi, tòun taró. Lọ́jọ́ yẹn mi ò rọra rìn ní Remblais. Mo sá wọlé ni.

Ìyá ọkọ mi ló gba aṣọ náà lọ́wọ́ mi. Kò bi mí léèrè títí tó fi da ọṣẹ sí i. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni ìyá, ó lè jókòó ti ènìyàn ní gbogbo ọ̀sán láì sọ ju ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lọ. Nígbà tó yá, ó ní, “Ìyàwó, kí ló dé?” Mo ní obìnrin àgbàlagbà kan ni mò ń wá fún àwọn ará ibi iṣẹ́ mi, olóríkunkun kan tó bá wọn ṣe àdéhùn tí kò wá. Ìyá ń fún aṣọ náà, kò wojú mi. Ó ní bóyá ó ní ìdí tirẹ̀. Mo ní ìdí wo? Inú ń bí mi, aró sì wà nínú etí mi. Mo ní bí mo bá rí i, mà á sọ fún un pé àgbà tí kò mọ iyì àdéhùn, kì í ṣe àgbà.

“Ó dáa,” ni ìyá wí, ó sì sá aṣọ náà.

Lọ́jọ́rú, ọgbọ́n mìíràn sọ sí mi lórí, ọgbọ́n tó burú ju ti ìṣáájú lọ. A máa ń ṣe ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ní ìjọ wa, ìjọ tó jẹ́ pé àwa ọmọ Nàìjíríà àti ọmọ Bénin ló pọ̀ jù níbẹ̀. Mo lọ bá arákùnrin tó ń ka ìfilọ̀, mo ní kó bá mi bi ìjọ bóyá ẹnì kan mọ ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Félicité. Ó ní ta ló ń wá a? Mo ní mi ò lè sọ. Ó ní nítorí kí ni? Mo ní mi ò lè sọ. Nígbà tí mo rí i pé ó fẹ́ dá mi padà, mo ní, ó dáa, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni, kò sì gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ Ẹtì.

Ó dìde, ó mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó sì sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́: àwọn kan ń wá ìyá kan tó ń jẹ́ Félicité, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wá, ọjọ́ Ẹtì sì ni wọ́n dá. Lẹ́yìn náà ni àwọn ìyá tó ń gbàdúrà bọ́ sí iwájú. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ Félicité kò ní ṣòfò. Àmín. Wọ́n ní ọjọ́ Ẹtì á kọjá lórí rẹ̀. Àmín. Wọ́n ní ẹni tó ń wá ẹ̀jẹ̀ Félicité kiri, ọ̀nà á dí mọ́ ọn. Èmi náà ṣe àmín sí i, nítorí gbogbo èrò ló ń wò mí. Ìyá ọkọ mi wà ní ìlà iwájú, mi ò sì gbọ́ kó ṣe àmín kíkan bẹ́ẹ̀ rí.

Àdúrà náà gbà, ẹ̀yin ará. Lọ́jọ́bọ̀, ọ̀nà dí mọ́ mi pátápátá. Lẹ́yìn ìsìn, arábìnrin kan ti yọ́ sọ fún mi pé Félicité àgbà kan ti gbé Remblais rí, ó ti wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Riviera báyìí. Mo dé ibẹ̀ ní àárọ̀, mo bá ìyá arúgbó kan tó dá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ńlá kan. Mo ní ṣé àwọn ni Félicité? Ó ní òun ni. Mo ní ṣé wọ́n ti gbé Remblais rí? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ṣé wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀ lára wọn ní Cocody? Ó ní wọ́n ń gbà á dáadáa. Bí mo bá bi í bóyá òun ló bí mi, ì bá ní òun ni. Ọmọ ọ̀dọ̀ ilé náà ní kò burú, ìyá sì ti wọ bàtà. Mo gbé e sínú takisí, mo ń kọrin nínú mi.

Ìyá yìí jẹ búrẹ́dì méjì àti omi ọsàn tí a ń fún àwọn tó bá wá fún ìwádìí, ó kí gbogbo nọ́ọ̀sì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó béèrè ọmọ wọn. Ìgbà tí Dókítà Amenan bi í ní ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ dàrú. Kì í ṣe òun. Wọn ò gba ẹ̀jẹ̀ kankan lára rẹ̀ rí láyé. Mo bi í ìdí tó fi tẹ̀ lé mi.

“Ọmọ mi, láti ìgbà tí wọ́n ti mú mi wá sí Riviera, kò sẹ́ni tó wá mú mi jáde,” ni ó wí. “O wá pè mí lórúkọ. Ṣé kí n ní rárá ni?”

Mo ń retí kí Dókítà lé mi dànù. Kò bínú. Ó jókòó ti ìyá náà fún ìgbà díẹ̀, ó ní kó mú búrẹ́dì kan sí i, ó sì fi ọkọ̀ ara rẹ̀ gbé e padà sílé. Nígbà tó dé, mo bi í bóyá a ò kúkú lè fi ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn dípò. Ó ní kò ṣe é ṣe, pé ìbéèrè tí àwọn bi ẹ̀jẹ̀ kan, ẹ̀jẹ̀ yẹn nìkan ló lè dá a lóhùn. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fọwọ́ nu ojú. Ó ní, “Bí kò bá wá lọ́la, kò wá nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni, kì í ṣe tèmi.” Ohùn tó fi sọ ọ́ ló pa mí lára ju èébú lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo gbé oúnjẹ síwájú, omi ojú ń bọ́ sínú rẹ̀. Ọkọ mi kò tíì dé. Ìyá ọkọ mi jókòó tì mí.

Ó ní, “Ìyàwó, ẹ̀jẹ̀ obìnrin yẹn, ṣé ó dára ju ti àwọn tó kù lọ ni?”

“Ìyá, wọ́n ní òun ló lè kọ́ wọn lọ́nà.”

Ó ní, “Bí o bá rí i, kí lo máa ṣe fún un?”

“Mà á kúnlẹ̀ fún un,” ni mo wí. “Níta gbangba.”

“O ò ní bá a jà mọ́?”

Mo ní mi ò ní bá a jà. Ó ní kí n jẹun, kí n lọ sùn.

Bí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì ṣe mọ́, mo bá ìyá tó ti múra, ó wọ bàtà tó máa ń wọ̀ ní Àjíǹde. Ó ní òun á bá mi dé Cocody, òun fẹ́ rí ẹnì kan. Ìyàwó kì í bi ìyá ọkọ léèrè ibi tó ń lọ, a sì jọ wọ gbàkà. Nígbà tí a dé gééètì, ọkùnrin tó ń ṣọ́ ọ, ẹni tó jẹ́ pé àgbọ̀n lásán ló fi ń kí mi láti oṣù kan, fò dìde lórí àga.

“Tantie Félicité!” ni ó wí. “On dit quoi?”

Mo wẹ̀yìn láti wo ẹni tó ń kí. Kò sí ẹnì kankan lẹ́yìn wa.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ọdún mẹ́sàn-án nílé ọkọ, o ò mọ orúkọ ìyá ọkọ rẹ? Ẹ fi ara yín sí ipò mi. Wọ́n tọ́ mi pé ìyàwó ilé kì í pe ará ilé ọkọ lórúkọ. Ìyá ni mo bá a lẹ́nu ọmọ rẹ̀, Ìyá ni mo ń pè é. Ní ìjọ, Ìyá Bíọ́dún ló ń jẹ́, nítorí ọkọ mi ni àkọ́bí. Nínú ìwé ilẹ̀ yìí sì rèé, orúkọ bàbá tó bí obìnrin ni wọ́n ń kọ, kì í ṣe ti ọkọ. Félicité ní tirẹ̀, àwọn sister Kátólíìkì tó kọ́ ọ níwèé ní kékeré ní Dimbokro ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fi pè é mọ́ àfi ẹni tó bá ń wo káàdì rẹ̀. Wọ́n ka orúkọ náà sí mi létí lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa ní mairie, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n bàtà tó ń ha mí lẹ́sẹ̀ ni mò ń rò lọ́jọ́ náà. Ọkọ mi ì bá sì ti sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ Ajé, ká ní mi ò fọwọ́ síwèé.

Ohun tó gbé mi kúnlẹ̀ nìyẹn. Mo kúnlẹ̀ tìtorí ìlérí, mo sì tún kúnlẹ̀ tìtorí ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, èyí tí mo sọ sí i lójú nígbà tó ń fọ aró kúrò lára aṣọ mi. Dókítà Amenan ti jáde, ó dúró ń wò wá.

“Dìde,” ni ìyá wí. “Aṣọ tí o fi kúnlẹ̀ yẹn, èmi ni mo máa fọ̀ ọ́.”

Ó wá ṣàlàyé fún wa. Ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó lọ sìnkú ló kọ sílẹ̀, fóònù ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ni, torí ọkọ mi ti sọ, láti ìgbà tí òòyì kọ́ ọ lọ́dún tó kọjá, pé kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà kankan lẹ́yìn òun. Kò pa àdéhùn jẹ rárá. Lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún un, ó wá. Ó dé gééètì, ó rí èmi nínú aṣọ búlúù tí mò ń ṣe gànràn-gànràn káàkiri, ó sì padà sílé. Èmi tí wọ́n rán láti wá a, èmi gan-an ló ń sá fún.

Dókítà bi í pé kí ló dé tó fi gbà láti bẹ̀rẹ̀. Ìyá wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní ọdún tí àrùn náà dé, òun àti àbúrò òun jọ ń sùn nínú yàrá kan ni. “Ó mú un lọ. Èmi, mi ò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi wo ìdí rẹ̀.”

Lẹ́yìn tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ náà tán, ó ní kí wọ́n fi ohun tí ẹ̀jẹ̀ òun ń ṣe han òun. Dókítà ṣí àwòrán kan lórí kọ̀ǹpútà, ike pẹlẹbẹ kan tó kún fún ihò wẹ́wẹ́, ní ìlà ìlà. Ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀wù kan tí kòkòrò náà ti wọ̀ rí ni. Wọ́n a kó ẹ̀yà ara tíntìntín tó wà láàyè sínú ihò náà, wọ́n a da kòkòrò àrùn lé e pẹ̀lú omi ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, wọ́n a wá fi àwọ̀ elésè àlùkò kùn ún. Níbi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ṣẹ́gun, àwọ̀ á dúró. Níbi tí kòkòrò bá ti ṣẹ́gun, á di funfun. Ó kọ́kọ́ fi ti ẹnì kan tí kò dárúkọ hàn wá. Ìlà àkọ́kọ́ dúró, ìkejì ń ṣí, ìkẹta funfun báláú. Ó wá ṣí ti ìyá. Láti òkè dé ìsàlẹ̀, àwọ̀ náà dúró.

Ìyá tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tó ń yẹ aṣọ wò lọ́jà. “Èyí ò ṣí,” ni ó wí. Ó fọwọ́ kan ìlà tó kẹ́yìn. “Ká ní àbúrò mi ní irú rẹ̀.”

“Ohun tí à ń wá nìyẹn, Maman,” ni Dókítà wí. “Kí ẹni tí kò ní i lè ní i.”

Mo wò wọ́n, obìnrin kan tí kò jẹ́ kí ìkùnà sú òun, àti obìnrin kan tó yọ́ gbé ọ̀fọ̀ rẹ̀ wá síbẹ̀ kó lè wúlò fún ẹlòmíràn. Ojú tì mí, inú mi sì dùn pé mo mọ àwọn méjèèjì. Ẹ̀jẹ̀ ìyá ọkọ mi mọ olè nínú ẹ̀wù yòówù. Èmi tí mò ń bá a jẹun lójoojúmọ́, orúkọ orí ìwé pélébé kan ni mo fi ń wá a. Ẹ má pa òwe Ṣókótó fún mi o; ọkọ mi, tó gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu ìyá rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tó sì yẹ kó bínú, pa á fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀rín ni kò jẹ́ kó rí ìbínú náà ṣe.

Kí a tó kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, Dókítà ní kí ìyá fún òun ní orúkọ tòótọ́ ti ẹnì kan tí àwọn lè pè nígbà mìíràn tí àwọn bá wá a tì. Ìyá nawọ́ sí mi. “Ìyàwó mi ni.”

Dókítà mú bírò bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. “Orúkọ rẹ̀ ńkọ́?”

Ìyá la ẹnu, ó tún pa á dé. Ó wò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, bí ẹni tó ń wá ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí lára mi. Ọdún mẹ́sàn-án. “Ìyàwó,” ni ó tún wí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí Dókítà Amenan gbóhùn sókè. Ó rẹ́rìn-ín títí bírò fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìyá náà rẹ́rìn-ín, àwọn nọ́ọ̀sì sáré wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló kúkú ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Ìyàwó ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀, títí kan ọkùnrin gééètì tó jẹ́ ọmọ Sénoufo, tí kò gbọ́ Yorùbá kan. Èmi náà sì ń jẹ́ ẹ.